Bí Odídẹrẹ́ Bá Wọ Ilé Yín

Lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ ẹyẹ ni mo gbé wá. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ adìẹ tí a ń sìn nítorí ẹyin, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti ẹyẹlé tí ń ṣa àgbàdo jẹ ní ojúde. Odídẹrẹ́ ni, ẹyẹ aláwọ̀ eérú tí ìrù rẹ̀ pupa bẹ́lẹ́jẹ́, tí àwọn baba wa tún sọ ní ayékòótọ́, nítorí pé ohun tí ó bá gbọ́ ni yóò sọ, ìbáà dùn mọ́ onílé, ìbáà má dùn mọ́ ọn.

Ní agbègbè tiwa yìí, láti Ọ̀sì títí dé Ìlọ́fà, kì í ṣe ẹyẹ tí a ń rí ní gbogbo ọjọ́ ọjà. Igbó ńlá ìhà gúúsù ni ilé rẹ̀. Ọwọ́ èrò ni ó sábà ń gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Baálé ilé lè ti Èkó gbé e bọ̀. Àbúrò ọkọ tí ń ṣiṣẹ́ ní ìhà Port Harcourt lè mú un wá fún àwọn ọmọ nígbà ọdún. Ó sì lè jẹ́ ọlọ́jà kan ni yóò gbé agbọ̀n rẹ̀ kalẹ̀ ní gáréèjì, tí yóò máa ké pe èrò pé, "Ẹ wá wò ó, ó ti ń sọ̀rọ̀!" Àwọn ọmọ yóò yí i ká, wọn yóò máa rẹ́rìn-ín, kí ìyá wọn sì tó mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀, owó ti kúrò lápò.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èrò ọkàn mi kí a tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ. N kò gba obìnrin kankan nímọ̀ràn pé kí ó ra odídẹrẹ́ tí a mú nínú igbó. Bí ó bá jẹ́ èyí tí a pa lábẹ́ òrùlé ẹni tí ń sìn ín, tí olówó rẹ̀ sì ní ìwé ìjọba tí ó fi ìdí ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀, ìyẹn yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ẹyẹ inú agbọ̀n ní gáréèjì kì í ní ìwé.

Ìdí mi rèé. Odídẹrẹ́ kì í pamọ bí adìẹ. Inú ihò igi gíga ni ó ń yé sí, ẹyin 3 sí 5 ní ìgbà kan. Yóò sàba fún nǹkan bí oṣù kan, ọmọ tí ó bá pa yóò sì tún lo bí oṣù méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta nínú ihò náà kí ó tó lè fò. Àwọn tí ń dẹ ẹ́ máa ń fi àtè sí ẹ̀ka tí ó ń bà lé, wọn a sì so ọ̀kan mọ́ orí igi kí igbe rẹ̀ lè tan àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá. Àwọn mìíràn a gé odindi igi lulẹ̀ nítorí ọmọ ẹyẹ méjì péré. Wọn a há wọn mọ́ inú àpótí, láìsí omi, láìsí afẹ́fẹ́, púpọ̀ nínú wọn a sì kú kí wọ́n tó dé ọjà. Ọ̀kan tí ẹ rí tí ó ń ṣẹ́jú nínú agbọ̀n yẹn, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kú lọ́nà.

Láàárín ọdún 1982 sí 2014, ohun tí àwọn ìjọba kọ sílẹ̀ nínú ìwé fi hàn pé odídẹrẹ́ igbó tí a kó láti ilẹ̀ Áfíríkà lọ tà fún àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ju mílíọ̀nù kan lọ. Èyí tí a kó ní bòókẹ́lẹ́ kò sí nínú iye yẹn. Ẹ wo Gánà, níbi tí ọ̀pọ̀ baba àti ìyá wa láti Kwara ti ṣòwò kí ìjọba ibẹ̀ tó lé àwọn àlejò ní ọdún 1969. Àwọn onímọ̀ tí wọ́n lọ wo igbó ibẹ̀ kéde ní ọdún 2016 pé láti ọdún 1992, nínú 100 odídẹrẹ́ tí ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, 90 sí 99 ni kò sí mọ́. Ìgbà yẹn kò ju ọjọ́ orí ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ń ka ojú ìwé yìí lọ.

Nítorí èyí ni àwọn orílẹ̀-èdè ayé fi pàdé ní Johannesburg ní oṣù kẹwàá ọdún 2016, tí wọ́n fi ẹnu kò pé láti oṣù kìíní ọdún 2017, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kó odídẹrẹ́ igbó kọjá ààlà fún òwò mọ́. Nàìjíríà wà nínú àdéhùn náà láti àwọn ọdún 1970. A ní òfin tiwa láti ọdún 1985 lórí òwò àwọn ẹ̀dá tí ń parun, a sì tún un ṣe ní ọdún 2016. NESREA, ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 2007, wà lára àwọn tí ń ṣọ́ òfin wọ̀nyí. Bí ẹ̀gbọ́n ọkọ yín bá wá kọ̀wé láti Lọ́ńdọ̀nù pé kí ẹ bá òun wá odídẹrẹ́ kan, kí ẹ fi rán ẹni tí ń bọ̀, ẹ fi ọ̀wọ̀ dá a lóhùn pé kò ṣeé ṣe. Amẹ́ríkà ti ti ilẹ̀kùn mọ́ irú òwò yìí láti ọdún 1992, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù sì ṣe bẹ́ẹ̀ láti ọdún 2005. Ẹni tí ẹ bá fi rán ni yóò jìyà rẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú.

Ìyẹ́ ìrù rẹ̀ pàápàá wà nínú òfin náà bí ó bá ti kọjá ààlà. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu, nítorí ta ni kò mọ iyì ìkóódẹ láàárín wa? Ó ń bẹ lára adé ọba, ó ń bẹ lórí ìyàwó òrìṣà, àwọn ọmọ wa tí a kó lẹ́rú lọ sí Brazil sì gbé orúkọ náà dání débi pé ekodidé ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè é títí di òní. Ará Ìwó ẹ̀wẹ̀, odídẹrẹ́ ni a fi ń kì wọ́n. Ẹyẹ tí ó wà ní àlàáfíà a máa pa ìyẹ́ dà lọ́dọọdún, èyí tí ó bá sì bọ́ fúnra rẹ̀ kò ní kí a má ṣà á. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fa ìrù ẹyẹ tí ó wà láàyè nínú ilé yín. Ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìyẹ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, bí a bá sì fà á tàbí tí ó ṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ lè máa dà lára rẹ̀ láìdá.

Wàyí o, mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò sọ pé, "Ìyá, ẹ̀bi tèmi kọ́, mo bá ẹyẹ yìí nílé ọkọ ni." Òótọ́ ni. Bí a bá tọ́jú odídẹrẹ́ dáadáa, ó lè lo ọdún 40 sí 60. Ìyàwó wà tí ẹyẹ bàbá ọkọ rẹ̀ ju ọkọ rẹ̀ gan-an lọ lọ́jọ́ orí. Bí a bá sì tẹ̀lé àṣà ilẹ̀ wa, tí ìyàwó kì í pe ẹni tí ó bá nílé ní orúkọ, ọmọ ọkọ yín àgbà nìyẹn! Ẹni tí ó bá sì fẹ́ rà á lónìí, kí ó mọ̀ pé bí àkọ́bí òun bá ń mu ọmú lọ́wọ́, ẹyẹ náà ṣì lè wà nílé nígbà tí àkọ́bí yẹn yóò máa gbé ọmọ tirẹ̀ wá kí ìyá àgbà. Ta ni yóò jogún rẹ̀? Kí a bi ara wa léèrè kí a tó sanwó.

Ẹni tí ẹyẹ bá bọ́ sí lọ́wọ́, kí ó kọ́kọ́ wò ó fínnífínní. Ojú ẹyẹ tí ó ṣì kéré dúdú, bí ó bá ti ń dàgbà ni ó ń di pípọ́n ráúráú bí àgbàdo. Ihò imú rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbẹ, kí ó sì mọ́. Ìdí rẹ̀ kò gbọdọ̀ dọ̀tí. Egungun àyà rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ mú bí ojú ọ̀bẹ. Èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ mú nínú igbó a máa há ara rẹ̀ mọ́ igun àgò, a sì máa kùn bí ajá bí ènìyàn bá sún mọ́ ọn. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ líle mú irú èyí. Ẹ jókòó tì í, ẹ máa fi ohùn jẹ́jẹ́ bá a sọ̀rọ̀, ẹ máa fi ọwọ́ ara yín fún un ní oúnjẹ. Ó lè gba ọ̀sẹ̀, ó sì lè gba oṣù.

Àgò rẹ̀ gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí yóò fi lè na apá rẹ̀ méjèèjì láìkan ibì kan. Àgò tí ó ti ń pẹtà, tàbí tí ọ̀dà ara rẹ̀ ń ṣí, kò dára, nítorí yóò máa fi ẹnu họ ọ́ jẹ, májèlé sì ni. Ẹ̀wọ̀n ẹsẹ̀ ni mo kórìíra jù. Bí ẹ̀rù bá ba ẹyẹ lóru, tí ó fò lójijì, ẹ̀wọ̀n náà lè ṣẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀. Ẹ̀ka igi gúáfà tàbí ti ọsàn ni kí ẹ fi sínú àgò fún un láti máa bà lé, kí ọ̀kan nípọn, kí òmíràn tẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má baà máa dún un. Ó fẹ́ràn kí ó máa gé igi sí wẹ́wẹ́, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nìyẹn, bí kò bá sì rí igi gé, ìyẹ́ ara rẹ̀ ni yóò máa fà tu. Ní ti igi, kì í ṣe àwa ni kí ó wọ́n. Ọ̀sì ni ìlú Àrẹògún agbẹ́gilére, Odò-Ọwà sì ni ti Bámgbóyè tí ó kú ní ọdún 1975, tí Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ fún gbogbo ayé wò ní ọdún 2022. Ẹ bẹ ọmọ gbẹ́nàgbẹ́nà kan ní àdúgbò kí ó máa kó àjákù igi fún yín, kìkì èyí tí a kò kùn ní ọ̀dà.

Oúnjẹ rẹ̀ kò le. Ẹyìn ọ̀pẹ ni ó ń jẹ jù nínú igbó, a kò sì ṣàìní ẹyìn. Ó ń ṣe ojú àti awọ ara rẹ̀ lóore gan-an. Ẹ tún lè fún un ní àgbàdo tútù, ìbẹ́pẹ, máńgòrò, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, àti ẹ̀fọ́ tí a fọ̀ mọ́. Ẹ̀pà a máa dùn mọ́ ọn ju ohun gbogbo lọ, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni kí ẹ fún un, kí ó sì jẹ́ èyí tí kò ní iyọ̀, tí kò sì bu, nítorí ẹ̀pà tí ó bu lè ba ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́. Àwọn kan gbà pé ata ni í mú un sọ̀rọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ata kì í ta ẹyẹ lẹ́nu bí ó ti ń ta wá, ìdí nìyí tí ó fi ń jẹ ẹ́ bí ẹni ń jẹ súgà, ṣùgbọ́n kò kan ọ̀rọ̀ sísọ. Ohun tí ó yẹ kí ẹ bẹ̀rù ni píà, nítorí ó lè pa á. Kọfí, ṣokoléètì, ọtí, iyọ̀ àti àlùbọ́sà kò dára fún un. Obì pẹ̀lú kò dára, torí ohun tí ń bẹ nínú kọfí náà ń bẹ nínú rẹ̀.

Odídẹrẹ́ ju ọ̀pọ̀ ẹyẹ lọ nípa àìsàn tí ó ń wá láti inú àìtó ohun tí ń ró egungun. Ẹ lè rí i kí ó máa gbọ̀n bí ọmọ tí gìrì mú, kí ó já bọ́ láti orí igi. Àwọn tí a ń fi kóró gbígbẹ nìkan bọ́, tí wọn kì í rí oòrùn, ni ó sábà ń ṣe. Bí ẹ bá ti se ẹyin fún àwọn ọmọ, ẹ má ṣe da èèpo rẹ̀ nù. Ẹ sè é dáadáa, ẹ sá a gbẹ, ẹ lọ̀ ọ́ kúnná, kí ẹ máa bù ú díẹ̀díẹ̀ sí oúnjẹ rẹ̀. Ẹ sì máa gbé àgò rẹ̀ jáde sí oòrùn àárọ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí ibòji wà ní apá kan àgò náà, kí ẹnì kan sì wà nítòsí nítorí ológbò. Nígbà ọyẹ́, tí ara gbogbo wa ń ya, ẹ máa wọ́n omi lọ́wọ́ọ́wọ́ sí i lára láàárọ̀, kí ẹ sì da aṣọ bo àgò rẹ̀ lálẹ́. Oorun wákàtí 10 sí 12 ni ó ń fẹ́.

Ọ̀rọ̀ ilé ìdáná ni mo fẹ́ kí ẹ fi ara balẹ̀ gbọ́. Ẹ̀dọ̀fóró ẹyẹ kò rí bíi tiwa. Afẹ́fẹ́ a máa la inú rẹ̀ kọjá lọ sínú àwọn àpò kéékèèké tí ó wà káàkiri inú ara rẹ̀, nítorí náà ohun búburú tí ènìyàn kò tilẹ̀ gbóòórùn lè pa ẹyẹ. Páànù ìgbàlódé tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́, bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀ sórí iná tí ó gbóná ju bí ó ti yẹ lọ, èéfín rẹ̀ lè pa odídẹrẹ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Èéfín sítóòfù kẹrosín, èyí tí a ń tàn láti lé ẹ̀fọn, àti oògùn kòkòrò tí a ń fọ́n sí yàrá kò dára fún un bákan náà. Yàrá ìgbàlejò ni kí àgò wà, kí ó jìnnà sí ilé ìdáná, kí ó má sì wà ní ojú ọ̀nà afẹ́fẹ́ tútù.

Kí n wá yà sí ti àwọn ọmọ. Ẹnu odídẹrẹ́ tí ń fọ́ èkùrọ́ kò ní ṣàánú ìka ọmọ ọwọ́. Ẹ má ṣe fi ọmọ kékeré àti ẹyẹ tí ó wà ní ìta àgò sílẹ̀ nínú yàrá kan náà, bí ó ti wù kí ẹyẹ náà mọ̀ yín tó. Lẹ́búlẹ́bú funfun kan a tún máa jáde lára rẹ̀, èyí tí ó lè yọ ẹni tí ó ní ikọ́ fée lẹ́nu. Bí irú àìsàn yìí bá wà nínú ẹbí yín, ẹ má ṣe sin odídẹrẹ́ rárá. Àrùn kan sì wà tí ń ti ara rẹ̀ ran ènìyàn, tí ó máa ń wá bí ibà líle pẹ̀lú orí fífọ́, ikọ́ àti òtútù àyà. Inú ìgbẹ́ rẹ̀ tí ó ti gbẹ, tí ó ń fò bí eruku, ni a sábà ń fà á sí imú. Ẹ kọ́kọ́ fi omi rin ìwé ìròyìn tí ẹ tẹ́ sí ìdí àgò kí ẹ tó ká a, kí ẹ sì fọ ọwọ́ yín lẹ́yìn náà. Ẹni tí ó lóyún kò gbọdọ̀ ṣe iṣẹ́ yìí. Kí bàbá àwọn ọmọ bá a ṣe é. Bí irú ibà bẹ́ẹ̀ bá dé, ẹ sọ fún dókítà pé odídẹrẹ́ wà nínú ilé, nítorí oògùn wà fún un, ṣùgbọ́n bí ẹ kò bá sọ, ó lè máa wo àìsàn mìíràn.

Ní ti ọ̀rọ̀ sísọ, kò sí idán níbẹ̀. Lẹ́yìn bí ọdún kan ni púpọ̀ nínú wọn máa ń bẹ̀rẹ̀, àwọn kan kì í sì í sọ ohunkóhun títí ayé. Ọ̀rọ̀ tí ó bá bá ìṣe rìn ni ó ń tètè mú. Bí ẹ bá ń ṣí aṣọ àgò rẹ̀ láràárọ̀, kí ẹ máa sọ pé "Ẹ káàárọ̀", yóò kọ́ ọ. Ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe eré lásán. Ní ọdún 1977, obìnrin onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, Irene Pepperberg, ra odídẹrẹ́ ọmọ ọdún kan ní ilé ìtajà kan ní Chicago, ó sì sọ ọ́ ní Alex. Ọdún 30 ni ó fi kọ́ ọ, títí ẹyẹ náà fi kú ní ọdún 2007. Alex mọ orúkọ nǹkan bí 50, ó mọ àwọ̀ 7, ó sì lè ka nǹkan títí dé 6. Bí wọ́n bá gbé nǹkan méjì síwájú rẹ̀ tí wọ́n bi í pé kí ni wọ́n fi jọra, yóò dáhùn. Gbogbo wa tí a ti ń rò pé ẹnu lásán ni odídẹrẹ́ ń yà, ó yẹ kí a tún inú rò. Ẹ̀dá tí ó ní irú làákàyè bẹ́ẹ̀, tí a wá fi òun nìkan sílẹ̀ nínú àgò láti àárọ̀ títí a ó fi ti oko dé, ìyà ni a fi ń jẹ ẹ́.

Ohun tí a kò kọ́ ọ ni ó ń kó ìtìjú bá onílé. Kò mọ èyí tí a sọ ní yàrá àti èyí tí a sọ ní ojúde. Igbe tí a ń ké mọ́ ọmọ, èébú tí tọkọtaya ń bú ara wọn ní ọ̀gànjọ́, orúkọ ìnagijẹ tí a fún ìyá ọkọ lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀rọ̀ líle tí a fi ìbínú sọ ni ó ń tètè mú jù, nítorí ohùn rẹ̀ ń lọ sókè. Ní ọjọ́ tí ìyá ọkọ bá wá kí ọmọ-ọmọ rẹ̀, ohùn yín gan-an ni ẹyẹ yóò fi kí i káàbọ̀. Ẹ má ṣe nà án nígbà náà o. Kò parọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá dákẹ́ tí ẹ kò rẹ́rìn-ín, tí ẹ kò sì bínú, ó ṣeé ṣe kí ó fi ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá ọkọ ti gbọ́ ná.

Bí ó bá di ọjọ́ kan tí ẹ kò lè tọ́jú rẹ̀ mọ́, ẹ má ṣe tú u sílẹ̀ sínú igbó Ọ̀sì tàbí ti Ìlọ́fà pé ẹ fún un ní òmìnira. Ẹyẹ tí ó ti pẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn kò mọ ibi tí oúnjẹ wà, kò mọ àwòdì, ìgbẹ́ tiwa kì í sì í ṣe ilé rẹ̀. Ẹ kàn sí ilé ìwòsàn ẹran ti Yunifásítì Ìlọrin, kí ẹ béèrè ibi tí òfin gbà kí a gbé e lọ. Nígbà tí ẹ bá ń gbé e lọ, ẹ kọ gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó mọ̀ sínú ìwé, kí ẹ sì kọ ohun tí ó ń fẹ́ nígbà tí ó bá sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tí yóò gbà á lè mọ ohun tí ó ń béèrè nígbà tí ó bá ké pè é láàárọ̀.